Láti Orí Ẹní Àgbàdo Dé Inú Ẹ̀dọ̀

Bí oṣù keje ọdún bá ti ń lọ sí òpin, ẹni tó bá gba ojú títì ńlá láti Porto-Novo wá sí Sakété, tó sì tẹ̀ síwájú dé Pobè, yóò rí àgbàdo níbi gbogbo. Wọ́n sá a sórí ẹní, wọ́n sá a sórí ọ̀rá nípọn tí wọ́n ń pè ní báàṣì, wọ́n sá a sí etí títì ọlọ́dà, àwọn mìíràn tilẹ̀ dà á sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú àgbàlá. Oòrùn yọ fún wákàtí méjì, inú àwọn ìyá dùn. Kò pẹ́, òjò ṣú, gbogbo ilé sì tú jáde láti kó àgbàdo wọlé. Èyí tí wọ́n kó wọlé náà kò tíì gbẹ. Wọn yóò tún dà á síta lọ́la. Láti kékeré ni gbogbo wa ti mọ eré tí à ń bá òjò sá yìí. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé ẹni tí òjò bá borí rẹ̀ nínú eré náà lè máa san gbèsè rẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún, kì í sì í ṣe àpò rẹ̀ ni yóò ti san án, bí kò ṣe inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Lónìí, kò sí onímọ̀ ìṣègùn tó ń jiyàn mọ́ pé oúnjẹ ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ àrùn jẹjẹrẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ, láti 30 sí 50 ni a lè dènà, bí ènìyàn bá yẹra fún tábà àti ọtí, tó ń jẹ oúnjẹ tó dára, tó sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tó yẹ. Ṣùgbọ́n oúnjẹ wo ni kí á ṣọ́ra fún? Bí ẹ bá béèrè lọ́jà, ẹnì kan yóò dárúkọ òróró tí wọ́n fi dín nǹkan léraléra, ẹlòmíràn yóò dárúkọ màgí, ẹlòmíràn yóò ní ẹran inú agolo ni. Ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ àgbàdo, nítorí òun ni ìyá àti bàbá wa jẹ dàgbà. Síbẹ̀, ní agbègbè wa, níbi tí ẹ̀kọ, ògì àti ọkà àgbàdo ti jẹ́ oúnjẹ òòjọ́, inú àgbàdo àti ẹ̀pà ni ọ̀kan lára àwọn ohun tó lágbára jù lọ láti fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ń gbà wọ ara wa. Àgbàdo fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀ wá o. Èbu tó ń hù lára rẹ̀ ni ọ̀tá.

Èbu tó ń ṣe oró

Nígbà tí ọ̀rinrin bá wọ inú ọkà, èbu a máa bò ó: òmíràn rí bí eérú, òmíràn ní àwọ̀ ewé, òmíràn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Irú rẹ̀ pọ̀. Èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bani jù ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Aspergillus flavus. Inú ilẹ̀ oko ló ń gbé. Atẹ́gùn àti kòkòrò a máa gbé e dé orí àgbàdo láti ìgbà tó ti wà lórí ìdúró, pàápàá bí ọ̀dá bá bá a. Ẹ̀pà ní tirẹ̀ ń bá a pàdé nínú ilẹ̀ tó ti ń so. Bí èbu yìí bá rí ooru àti ọ̀rinrin, a máa ṣe oró kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ aflatoxine. Oró náà kò ní òórùn, ahọ́n kì í sì í tọ́ ọ wò kó mọ̀ ọ́n. A lè rí èbu, ṣùgbọ́n ojú kò lè rí oró, ó sì lè wà níbi tí èbu kò ti hàn mọ́.

Ọdún 1960 ni ayé kọ́kọ́ gbọ́ ìró rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú láàrin oṣù díẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó pa wọ́n. Nígbà tí wọ́n yẹ oúnjẹ àwọn ẹyẹ náà wò, wọ́n rí i pé inú ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n kó wá láti Brazil ni oró wà. Láti ìgbà náà ni ìwádìí ti ń gorí ìwádìí. Ilé-iṣẹ́ àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ti fi aflatoxine sí ìsọ̀rí kìíní, èyí tí í ṣe ìsọ̀rí àwọn ohun tí kò sí iyèméjì mọ́ pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ọmọ ènìyàn. Ìsọ̀rí kan náà ni tábà wà.

Bí oró yìí bá pọ̀ jọjọ nínú oúnjẹ, a máa pa ènìyàn láìpẹ́ ọjọ́. Ní ọdún 2004, àgbàdo tó bu sọ ènìyàn 317 di aláìsàn ní ìlà-oòrùn Kenya, 125 nínú wọn sì kú. Ṣùgbọ́n irú àjálù bẹ́ẹ̀ kì í wọ́pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ láàrin wa ni díẹ̀díẹ̀: ìwọ̀nba lónìí nínú ẹ̀kọ òwúrọ̀, ìwọ̀nba lọ́la nínú ọkà alẹ́, ìwọ̀nba nínú kúlíkúlí tí a fi mu gàrí, fún odidi ayé ẹni.

Ẹ̀dọ̀ ni oníbodè ara. Ohun tí a bá jẹ, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò gbà kọjá. Nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá ń gbìyànjú láti yí oró náà padà kí ara lè lé e jáde, ibẹ̀ gan-an ni oró ti ń di ohun tó ń lẹ̀ mọ́ àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì, tó sì ń bà á jẹ́. Ara a máa tún ọ̀pọ̀ nínú ìbàjẹ́ náà ṣe. Àmọ́ bí ìbàjẹ́ bá ń wọlé lójoojúmọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àtúnṣe kò ní lè bá a mọ́, tí sẹ́ẹ̀lì kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láìgbọ́ àṣẹ. Ìyẹn ni jẹjẹrẹ.

Ẹnìkejì rẹ̀ tún wà, tó ń sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá: àrùn ẹ̀dọ̀ tí à ń pè ní hépatite B. Kòkòrò àrùn yìí ń gba inú ẹ̀jẹ̀ àti ìbálòpọ̀ ràn, ìyá sì lè kó o ran ọmọ nígbà ìbímọ. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀ pé agbára aflatoxine láti fa jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀ ẹni tó ní hépatite B tó ìlọ́po 30 agbára rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ ẹni tí kò ní in. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn méjèèjì ló wà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fi wà lára àwọn jẹjẹrẹ tó ń pa ọkùnrin jù lọ ní apá ibi tí a wà yìí, tó sì máa ń mú wọn nígbà tí agbára wọn ṣì wà lára. Kì í pariwo nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ikùn bá wú, tí ojú pọ́n bí ìyeyè, tí ara sì rù, ìwọ̀nba díẹ̀ ni dókítà lè ṣe mọ́.

Ohun tí wọ́n rí lára àwọn ọmọ wa

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni à ń sọ. Ní ọdún 2002, àwọn olùwádìí tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe ní ìletò 16 ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé wò, láti ọmọ oṣù mẹ́sàn-án títí dé ọmọ ọdún márùn-ún, láti mọ̀ bóyá àmì aflatoxine wà nínú rẹ̀. Nínú ọmọ 479 tí wọ́n yẹ̀ wò, 475 ló ní in. Àwọn mẹ́rin péré ni wọn kò rí i lára wọn.

Ohun kejì tí iṣẹ́ náà fi hàn yẹ kó mú gbogbo ìyá ronú. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú pátápátá ní oró náà nínú ẹ̀jẹ̀ tó bí ìlọ́po méjì ti àwọn tó ṣì ń mu ọmú pẹ̀lú oúnjẹ. Kò ṣòro láti mọ ìdí: bí ọmú bá ti kúrò lẹ́nu, ògì àgbàdo ló ń rọ́pò rẹ̀. Nínú iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2004, àwọn olùwádìí kan náà tún tẹ̀ lé àwọn ọmọ 200 fún oṣù mẹ́jọ ní Bẹ̀nẹ̀. Àwọn tí oró pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan àti ẹ̀sún méje dàgbà sókè kéré sí àwọn tó ní in níwọ̀nba. Oró tó ń ti ẹ̀dọ̀ dé ìdí jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀la ni ó dà bíi pé ó ń dí ọmọ lọ́wọ́ àtidàgbà lónìí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, kì í sì í ṣe òun ló ń yan àgbàdo tí wọ́n fi ro ògì rẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oró láti ọmọ ọdún méjì yóò ti jẹ ẹ́ fún ogójì ọdún kó tó pé ọmọ ọdún méjìlélógójì.

Kí ló dé tó fi rọ̀ mọ́ ilẹ̀ wa?

Òjò ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọlọ́run fún wa lọ́dún ní Pobè àti Sakété. Ìbùkún ni, nítorí a lè gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n àgbàdo àkọ́kọ́ ń gbó nígbà tí ojú ọ̀run kò tíì mọ́ tán. Ẹni tó bá dúró kí àgbàdo gbẹ lóko, òjò àti kòkòrò yóò bá a níbẹ̀. Ẹni tó bá tètè ká a, ilé ni yóò ti máa bá ọ̀rinrin jà. Ní apá ilẹ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí, láti Pobè lọ sí Issaba, ilẹ̀ dúdú alámọ̀ ni. Omi kì í tètè fà níbẹ̀ lẹ́yìn òjò, ohun tí a bá sì sá sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń mu omi láti ìsàlẹ̀ bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn lókè.

Kòkòrò ni ìṣòro kejì. Ihò tí kòkòrò bá dá sí ara ọkà ni ilẹ̀kùn tí èbu ń gbà wọlé. Ìkẹta ni ibi ìtọ́jú. Bí a bá da àgbàdo tí kò gbẹ tán sínú àpò ọ̀rá, tí a sì tò ó mọ́ ara ògiri lórí ilẹ̀, ńṣe ni ó ń làágùn nínú àpò. Àwọn àgbà tó ń tọ́jú àgbàdo sórí àjà lókè àárò kò ṣìnà: èéfín ń lé kòkòrò, ooru iná sì ń fa omi inú ọkà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ọ̀nà ìtọ́jú àgbàdo ní Bẹ̀nẹ̀ jẹ́rìí sí i pé èéfín àti gbígbá àká mọ́ kí a tó kó irè tuntun sínú rẹ̀ wà lára ohun tó ń mú kí oró kéré.

Agbára tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣa àgbàdo

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé iná ń pa gbogbo ohun búburú. Iná ń pa kòkòrò àrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná ìdáná kò tó láti pa aflatoxine. Bí ẹ bá se àgbàdo tó ní oró fún wákàtí mẹ́ta, oró náà yóò bá yín jókòó nídìí àwo. Kíkan ògì náà kò sì lè mú un kúrò.

Kí ló wá lè mú un kúrò? Ní ọdún 2005, àwọn olùwádìí ilẹ̀ wa pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti ilẹ̀ òkèèrè gbé iṣẹ́ kan jáde, nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ lé àgbàdo ní ìṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, láti inú àpò títí di oúnjẹ, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá ṣe ń ṣe é ní Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n rí i pé bí wọ́n bá ti ṣe àgbàdo di àkàsà, ìyẹn ẹ̀kọ jíjẹ, aflatoxine inú rẹ̀ ti dín ní 92 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú makumè, tí wọ́n fi àgbàdo tí a ti bó èèpo rẹ̀ ṣe, ó dín ní 93. Ṣùgbọ́n nínú ọkà tí wọ́n fi ìyẹ̀fun gbígbẹ rò, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní pâte, 40 péré ló dín. Kì í ṣe iná ló fa ìyàtọ̀ náà, ìkan kọ́ sì ni. Ohun tó ṣiṣẹ́ náà ni ṣíṣà, fífẹ́, fífọ̀, àti bíbó èèpo kúrò. Inú ọkà tó bu tí wọ́n ṣà jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àti inú omi tí wọ́n fi fọ àgbàdo ni wọ́n ti rí oró náà.

Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa. Iṣẹ́ tí àwọn ìyá àgbà ń ṣe nídìí àtẹ, tí a rò pé nítorí ìmọ́tótó lásán ni, ìdènà jẹjẹrẹ ni. Ọmọbìnrin tó ń kánjú gbé àgbàdo lọ sí ẹ̀rọ ìlọta láìṣà á, láìfẹ́ ẹ, láìfọ̀ ọ́, ó ti fo ibi tí ààbò wà kọjá. Lílọ̀ ń bo àṣírí: ọkà kan tó bu nínú àwo, ojú lè rí i, bí a bá ti lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun, kò sí ojú tó lè yà á sọ́tọ̀ mọ́. Bákan náà ni ẹ̀pà tí a ti lọ̀ di kúlíkúlí.

Ẹ̀rí mìíràn wá láti Guinée. Ní agbègbè Kindia, àwọn olùwádìí mú ìletò 20. Ní mẹ́wàá nínú wọn, wọ́n kọ́ àwọn àgbẹ̀ láti ṣa ẹ̀pà tó bu dànù, láti sá ẹ̀pà sórí ẹní tí a fi okùn igi hun dípò ilẹ̀ lásán, láti kó o sínú àpò ìdọ̀họ dípò ọ̀rá, kí wọ́n sì gbé àpò náà lé orí igi tí a tò. Wọn kò yí ohunkóhun padà ní mẹ́wàá yòókù. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún tí wọ́n ti kórè, oró tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ìletò tí wọ́n kọ́ kò tó ìdajì ti àwọn yòókù. Ẹní, àpò, igi àti ojú tó mọ̀ ọ́n ṣà: kò sí èyí tí kò sí ní Sakété nínú wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àgbàdo òun ti gbẹ tó lè dán an wò báyìí. Kí ó mú ìgò tó gbẹ, kí ó da ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo mélòó kan sínú rẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀, kí ó dé e, kí ó sì mì ín dáadáa. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo náà kò tíì gbẹ; ẹ tún sá a. Bí iyọ̀ kò bá lẹ̀, ẹ lè kó o sínú àpò.

Ta ni yóò jẹ èyí tí a ṣà sọ́tọ̀?

Ìyá kan lè dá wa lóhùn pé ọ̀rọ̀ ìwé rọrùn lẹ́nu ẹni tó yó, àti pé àgbàdo tí òun bá dànù lónìí ni owó ilé-ìwé ọmọ òun. Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ní oṣù karùn-ún, nígbà tí àká ti ṣófo tí irè tuntun kò sì tíì dé, owó àgbàdo a máa ga. Ta ló fẹ́ da ọkà nù nígbà náà? Nítorí èyí, ní ọ̀pọ̀ ilé, èyí tó dára lọ sí ọjà, èyí tó tẹ̀ lé e lọ sínú ìkòkò, èyí tó bu ni a fún adìẹ, tàbí kí a lọ̀ ọ́ mọ́ èyí tó dára kí ojú má bàa rí i. Oró kò dàgbé. Ó ń pa òròmọdìẹ, ó sì ń bá wàrà ẹran tó jẹ ẹ́ jáde. Omi àkọ́fọ̀ àgbàdo pẹ̀lú kò yẹ fún ewúrẹ́ àti ẹlẹ́dẹ̀. Ilẹ̀ ni kí ó mu ún, kí ọkà tó bu sì di ohun tí a sun tàbí tí a bò mọ́lẹ̀.

Ìtura tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá tètè gbẹ àgbàdo rẹ̀, díẹ̀ ni yóò ṣà dànù. Èyí kò sì yẹ kó jẹ́ ẹrù àwọn ìyá nìkan. Bí oníṣòwò bá ń ra àgbàdo tó mọ́ àti èyí tó bu ní iye kan náà, kò sí ẹni tí yóò fẹ́ ṣe wàhálà ṣíṣà. Bí ilé-ìlú bá lè ṣe ojú ìsákà oníṣìmẹ́ǹtì sí ẹ̀gbẹ́ ọjà, tí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ sì ra báàṣì tí wọn yóò jọ máa lò, eré tí à ń bá òjò sá yóò dẹjú díẹ̀. Àpò onípele mẹ́ta tí atẹ́gùn kì í wọ̀ tún wà, tó ń pa kòkòrò láìlo oògùn. Ṣùgbọ́n àgbàdo tó ti gbẹ nìkan ni a ń kó sínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi oògùn òwú pa kòkòrò àgbàdo tí yóò jẹ, nítorí májèlé kì í wo májèlé sàn.

Ohun mìíràn tó wà lórí àwo

Àgbàdo kọ́ ni gbogbo oúnjẹ wa, èyí sì dára. Ní Qidong ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ti ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn ará ibẹ̀ fi ìrẹsì rọ́pò àgbàdo láti àwọn ọdún 1980. Oró inú ara wọn lọ sílẹ̀, ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sì dín gan-an kí àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tó dàgbà. Kò di dandan kí a kọ àgbàdo sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tó ń jẹ iṣu lónìí, ẹ̀wà lọ́la, gàrí ní ọ̀túnla, tí ẹ̀fọ́ àti èso sì ń wà níbẹ̀, kò fi gbogbo ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lé ọwọ́ àpò àgbàdo kan.

Sódábì pẹ̀lú ń bẹ, ọmọ ọ̀pẹ tí ilẹ̀ wa fi ń yangàn. Ọtí líle, ọtí bíà, èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, ìsọ̀rí kìíní kan náà ni ó wà: a máa fa jẹjẹrẹ ẹnu, ọ̀fun, ìfun, ọmú àti ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ tó ń bá oró èbu jà kò nílò ọ̀tá mìíràn.

Ní ti hépatite B, abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà nínú èyí tí àwọn ọmọ wa ń gbà ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá lẹ́yìn ìbí. Kí ìyá má ṣe fo ọ̀kankan nínú wọn. Àgbàlagbà tí kò mọ ipò tí òun wà lè béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, oṣù keje mìíràn ń bọ̀. Kí ó tó dé, ẹ wá ẹní tàbí báàṣì sílẹ̀, ẹ gbá àká mọ́, ẹ tò igi tí àpò yóò jókòó lé. Nígbà tí ẹ bá sì jókòó nídìí àtẹ, ẹ pe àwọn ọmọ súnmọ́ ọ̀dọ̀ yín, ẹ fi ọkà tó bu hàn wọ́n, kí wọ́n mọ èyí tó yẹ kí ọwọ́ ṣà sọnù. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.